Ìrẹsì Ẹni Tó Tẹ̀wọ̀n Dé

Sọ́ńdè, 11/1/2026
Wọn ò fún mi. Gbogbo aláìníṣẹ́ inú ìjọ ló gba báàgì oúnjẹ — ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró. Ó kàn mí, Kẹ́mi tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ (Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń pè é) ń wolẹ̀. "Dádì, ẹ má bínú. Kọmítì ní ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n ò lè gbà." Mo ní ṣé ẹ̀rù ń ba ìrẹsì náà pé màá jí i gbé ni? Ó rẹ́rìn-ín. Báàgì ò jáde.

Mọ́ńdè, 12/1
Ẹ́ńjìnnì olè ni mo rà ní Industrial Area, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní ilẹ̀ òkèèrè yìí, mi ò béèrè ibi tó ti wá. Ọdún kan gbáko lẹ́wọ̀n. Mo ti ṣe é tán. Ṣé ó tún ku ti ìjọ ni?
Búrẹ́dì àti tíì.

Tọ́sìdeè, 15/1
Sofiullahi síkiọ́rítì, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi ní yàrá tí a jọ ń gbé, fẹ́ bu oúnjẹ fún mi. Mo ní mo ti yó, kó lọ fẹ́yàwó tí yóò máa bu oúnjẹ fún. "Bàbá yìí, ẹnu yín ò kí ń sinmi!" Ó lọ sí dúútì.
Irọ́ ni mo pa. Mo bá fíríìjì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Inú òun náà ṣófo.

Sátidé, 17/1
Òfin Mósè pè mí — Dìkìnnì Adébùsọ́lá, olórí kọmítì. Wọ́n ti dẹ òfin díẹ̀: tí mo bá lè dúró níwájú ìjọ, kí n jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi lẹ́wọ̀n, màá gba báàgì. Mo ní ṣé kí n gbé ẹ́ńjìnnì náà dání ni? Kò rẹ́rìn-ín. Ẹran nìkan leyín ọkùnrin yìí wà fún.

Sọ́ńdè, 18/1
Mo kígbe "Praise the Lord!" Mo ní lẹ́wọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni Ọlọ́run ń bọ́ mi, kò sì sí kọmítì níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ṣọ́ọ̀ṣì. Dìkìnnì ń wo bàtà rẹ̀. Kẹ́mi gbé báàgì wá, ó kúnlẹ̀. "Dádì, ẹ dárí jì wá."
Mo fẹ́ dá àpárá. Kò wá sí mi lẹ́nu.

Mọ́ńdè, 19/1
Mo se ìrẹsì. Ìkòkò kún dẹ́nu. Gbogbo ará yàrá ti lọ sí dúútì.
Lẹ́wọ̀n, àwa mẹ́fà là ń yí tíréè kan ká. Ọmọ Pàkísítánì kan máa ń ti ẹran tirẹ̀ síwájú mi torí pé mò ń pa á lẹ́rìn-ín — bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ èdè mi.
Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e dé ẹnu. Mo dá a padà.
Sofiullahi á dé láàárọ̀. Mo dé ìkòkò dè é.