Òwú Inú Ihò Fóònù

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Íápíìsì tí kò tíì pé oṣù méjì. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ fóònù títí ó fi dé òkè pátápátá. Fóònù wá kọ ọ́ síwájú mi pé ohùn gíga lè ba etí jẹ́. Ohùn gíga wo? Mo ní kó máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú méje gbáko. Ilé ni mo ti máa ń gba èsì tèmi sílẹ̀, tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Ọ̀gá, á bá dátà rẹ̀ lọ, èmi náà á sì gbọ́ ti Ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kí n ki rọ́bà bọ etí méjèèjì, kí n tẹrí ba sórí máṣíìnì, ta ni yóò mọ ohun tí mò ń gbọ́?

Ìròyìn ọ̀hún: Ọ̀gá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní òdìkejì títì. Ọ̀kan nínú èmi àti Ìyá Bọ́tìnì ni yóò di olórí ibẹ̀. Èmi ń rán apá àti ọrùn aṣọ, Ìyá Bọ́tìnì ń gé, ó sì ń fi bọ́tìnì sí i. Ọmọge tó ń lọ aṣọ ní kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, Ìyá Bọ́tìnì ni. Kí n má purọ́, ọwọ́ obìnrin náà dára. Ó gé aṣọ lẹ́ẹ̀kan, kì í gé e lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ kò mọ nọ́ńbà. Èmi nìkan ló mọ̀. Òwú ló fi ń wọn èèyàn: kókó kan fún èjìká, méjì fún àyà, mẹ́ta fún ìdí. Á wá gbé òwú náà wá bá mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Akọ̀wé, bá mi wo ojú rẹ̀." Èmi á tẹ́ ẹ sórí téèpù, màá kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n. Ọdún méjì rèé. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, akọ̀wé ni mí. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo sọ fún. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ará ìta. Òun ló sọ ọ́ ní Oníkókó. A máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹta

Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Bákan náà. Mo bọ́ rọ́bà íápíìsì, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ — epo etí tó jáde níbẹ̀, ojú tì mí níwájú ara mi. Bákan náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹta

Atúnfóònù-ṣe oríta ní òun á gba owó àyẹ̀wò kóun tó fọwọ́ kàn án. Owó àyẹ̀wò! Iye yẹn ra íápíìsì kan àti ààbọ̀. Mo ra íápíìsì. Aláwọ̀ pupa, kò wọ́n.

Bákan náà. Ìrọ̀rí yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa: Ìyá Bọ́tìnì yá íápíìsì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí láti fi gbọ́ ìwàásù. Kí ló fà níbẹ̀? Mo ti sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n lánàá. Èsì rẹ̀ dé lónìí, mo gbọ́ ọ nígbà tí mò ń rán apá aṣọ. Ó ní ẹni tí kò mọ mẹ́fà yàtọ̀ sí mẹ́sàn-án, ṣé íápíìsì ló máa mọ̀ ọ́n lò? Ó ní lọ́jọ́ tí Oníkókó bá dorí téèpù kodò, gbogbo oníbàárà wa á sanra lójijì, kò sí aṣọ tí yóò gbà wọ́n mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọge alọṣọ gbé áyọ̀ọ̀nù dání, kò lọ nǹkan kan, èéfín ti ń rú lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Oníbàárà kan jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo yọ íápíìsì. Ìyá Bọ́tìnì kò gbójú sókè níbi tó ti ń fi bọ́tìnì sí aṣọ. Ó ní, "Ògiri ayé ìsinsìnyí kò wá etí mọ́. Ẹnu ló kù tó ń lò."

Mo ní òótọ́ lo sọ, ìyá. Mo rò pé ó ń sọ ti àwọn ayálégbé ẹ̀yìn wa tó jà ní àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta

Ìyá Bọ́tìnì kò gbé òwú wá. Ọjọ́ kẹta rèé. Oníbàárà méjì wá, ó ní kí wọ́n lọ mú aṣọ àtijọ́ wọn wá, òun á fi ìyẹn wò ó. Mo ní Ìyá Bọ́tìnì, ṣé kò sí nǹkan? Ó ní kò sí o, Akọ̀wé àgbà. Àgbà yẹn gún mi díẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọ̀gá pè é láti inú yàrá. Ó dáhùn sókè: "Oníkókó ń bọ̀ o!"

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì wọ ìka mi. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí aṣọ funfun, mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, kò tán.

Níbo ló ti gbọ́ orúkọ yẹn? Àárín èmi àti Ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọge alọṣọ ti tú fóònù mi, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Mo ti fi nọ́ńbà àṣírí tuntun ti fóònù náà. Láti òní lọ, abẹ́ itan mi ni yóò máa wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹta

Ọmọ aládùúgbò mi, èyí tó ń lọ sí ilé-ìwé gíga, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ki íápíìsì méjèèjì bọ fóònù tirẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọ inú ètò fóònù mi, ó gbé gbogbo ohùn ibẹ̀ dé òkè. Ó ní, "Mọ́mì, íápíìsì kò ṣe nǹkan kan. Fóònù yín ni. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònù-ṣe."

Mo ti ra íápíìsì lásán. Ìyá Bọ́tìnì kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo kàn kọ ọ́ ni, n kò sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta

Ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì!

Ó ní ẹni tí yóò máa wọn oníbàárà gbọ́dọ̀ lè ka téèpù. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. N kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ẹni tí wọ́n fún lẹ́ran kì í bèèrè orúkọ apẹran. Owó oṣù á fi ìdá mẹ́rin kan lé sí i. Mo ti pín in tán kí n tó délé.

Ìyá Bọ́tìnì kí mi kú oríire. Ó kúnlẹ̀ láti kí mi. Ẹgbẹ́ ni wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹta

Ẹ̀yin ojú ìwé, ẹ má wo bí lẹ́tà yìí ṣe rí.

Mo san owó àyẹ̀wò. Atúnfóònù-ṣe kò tú fóònù rárá. Ó tan iná wo ihò tí wọ́n ń ki íápíìsì bọ̀, ó mú abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú nǹkan jáde. Òwú. Búlúù, funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú. Gbogbo aṣọ tí mo ti rán láti ọjọ́ ọdún. Àpò aṣọ iṣẹ́ mi ni mo ń fi fóònù sí, mo sì ń ti òwú náà wọlé lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹnu íápíìsì, bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó.

Ó ní, "Ìyá, ẹnu rẹ̀ kò dénú. Fóònù yín kò mọ̀ pé ẹ ki nǹkan kan bọ òun."

Mo ní nítorí náà ni ohùn fi kéré?

Ó wò mí. Ó ní ohùn kankan kò gba inú íápíìsì kọjá. Ẹnu fóònù gangan ló ń gbà jáde síta. Ó ní rọ́bà tí mo fi dí etí ni kò jẹ́ kí èmi gbọ́ ọ dáadáa. Kí ó lè yé mi, ó dá díẹ̀ nínú òwú náà padà, ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó tẹ ohùn tó wà lójú fóònù. Ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n kún ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Àwọn tó ń ra káàdì níta yíjú. *Oníkókó rẹ ńkọ́?*

Gbogbo ìgbà tí mo sì ní kò dún tó, mo tún gbé e sókè.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹta

Ìyá Bọ́tìnì kò wá síṣẹ́. Láti Ẹtì ni.

Mo fa ọmọge alọṣọ sí kọ̀rọ̀. Mo ní kí ló dé tí ìwọ kò sọ fún mi? Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. A rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. A rò pé pàṣamọ̀ ni, pé ẹ fẹ́ kí Ọ̀gá gbọ́ kó tó yan olórí." Ó ní òun tilẹ̀ sọ nílé pé irú obìnrin wo nìyí, ó ń fi ẹnu ẹlòmíì bú èèyàn, ó sì di etí tirẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ṣàlàyé òwú, mo ṣàlàyé ihò. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Èmi náà rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó bí mi nínú. Àmọ́ dá mi lóhùn, ṣé ó mọ nọ́ńbà?"

Mo ní kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ mi.

Mo mú un. Màá kọ ọ́ síbí torí kò sí ibòmíì tí mo lè kọ ọ́ sí: kò pẹ́ kí n tó mú un.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi kò tilẹ̀ já bọ́. Orí tábìlì ni mo tẹ́ ẹ sí, tí mo ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

Mo lọ sílé rẹ̀. Yàrá kan, fèrèsé kan, ó mọ́ tónítóní. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi. Ó ti kan téèpù mọ́ ògiri lóròó, láti ilẹ̀ dé òkè, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn nọ́ńbà. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti òwú. Mo bu díẹ̀ nínú rẹ̀ wá nínú ìwé pélébé, mo fi hàn án. Ó yí i láàárín ìka bí ẹni tó ń wo irú aṣọ tí wọ́n fi ṣe é. Ó ní, "Nítorí náà, òwú ló jẹ̀bi."

Mo ká ìwé pélébé náà.

Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òun ti dìde pé kóun wá sọ fún mi pé ó ń dún síta. Ó ní òun dé agbedeméjì yàrá kí òun tó gbọ́ kókó, kí òun tó gbọ́ òwú, òun wá padà lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ló bi mí, jẹ́ẹ́ ni, bí ẹni ń bèèrè iye tí mo ra ata: "Ká ní inú etí rẹ nìkan ló ti dún, ṣé ìwọ ì bá ti wá síbí?"

Mo mu omi rẹ̀ tán. Mo lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n ti fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. N kò tíì ṣí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Mo ṣí i. N kò gbọ́ ọ dé ìdajì. Mo pè é, mo ní kó má pe obìnrin náà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́? Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ fún mi ni?"

Èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹta

Ìyá Bọ́tìnì padà síṣẹ́. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí èmi náà.

Aṣọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun ti dé, oníkálukú ló sanwó tirẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta, mo sì fẹ́ ẹ. Ọ̀gá ní kí Ìyá Bọ́tìnì wọ̀n wá. Ó fa téèpù yọ lápò. Kò mú òwú. Ó dé iwájú mi ní gbangba, oníbàárà méjì lórí àga, ọmọge alọṣọ lẹ́yìn tábìlì, Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà. "Dúró dáadáa, Akọ̀wé. Mú ìwé rẹ, kí o máa kọ ọ́."

Èjìká. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó pè é sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Mẹ́rìndínlógún!" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọmọge alọṣọ gbé áyọ̀ọ̀nù kalẹ̀. Ọ̀gá jáde sí wa.

Àyà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbóná lẹ́yìn mi, mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Mẹ́rìndínlógójì!"

Mọ́kàndínlógójì ni mí, 39. Láti ìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi ni mo ti jẹ́ mọ́kàndínlógójì, fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé yìí lọ́dún tó kọjá. Íńṣì mẹ́ta. Bóyá ó ṣì í. Ṣùgbọ́n ó mọ mẹ́fà tó wà nínú 16 ti èjìká. Bóyá ó fẹ́ wò mí ni, kí ó mọ ohun tí ẹnu mi á ṣe nígbà tí gbogbo ilé bá ń gbọ́. Kò wò mí lójú. Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo kọ 36.

Ó ti gé e kó tó di ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń gé e. Ọ̀pá mẹ́ta. Aṣọ ọ̀hún kò ní gbà mí láyà, mo sì máa wọ̀ ọ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní mo sanra lójijì.