Ẹ̀rọ Tí Kò Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Mi

Ọkọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé àwọn fíríìjì tí ò ń tún ṣe kò tíì gbé otútù wọ̀ ọ́ lára? Ibi tí o bá nawọ́ sí, ọwọ́ rẹ yóò tó o. Iná mànàmáná tí ò ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ kò ní mọ ojú rẹ. Àmín. Èmi náà wà, orúnkún òsì ló ń bá ọ̀tún ṣe ẹjọ́, ẹ̀rọ omi ojúlé wa tún ti gbẹ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò sì tíì jò, nítorí òjò kò tíì rọ̀.

Aránṣọ tó dojú kọ ilé wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má gé e, kí ó má sì lẹ̀ ẹ́. Tí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dán jù, mọ̀ pé òun ló ṣẹ́tí rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Àbúrò rẹ ló sọ fún mi pé fóònù àti ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ yìí máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn láàárín wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀rọ, mi ò ní sọ ọ́ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dírẹ́bà tó ń kó pákó wá sí ọ̀dọ̀ yín ni n ó fi ìwé náà rán, aránṣọ yóò sì fi òwú pupa rán ẹnu àpò rẹ̀ pọ̀. Tí òwú náà kì í bá ṣe pupa, ẹnìkan ti tú u lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn ni. O mọ̀ pé ilé ìwòsàn ti gba àbúrò rẹ síṣẹ́, kó máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ètò tí ilé ìwòsàn fi ń ṣe é ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pé bí kò bá sí níbẹ̀ kó má wulẹ̀ wá, ẹlòmíì wà lórí ìlà. Òní ni Ọjọ́rú, ètò náà kò tíì wọlé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ní òun ti kún. Mo gbé e, mo fọwọ́ wò ó, kò nípọn ju àwo tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo tú àpò rẹ̀, okùn iná nìkan ló wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ ní inú lọ́hùn-ún ló kún, pé àwòrán ló kún un, òun fẹ́ pa wọ́n rẹ́. Mo ní a kì í da ẹrù ẹlẹ́rù nù láìtú u wò. Mo jókòó tì í, a ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ṣoṣo ni, dúdú, tó ní èjí lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Mo béèrè ta ni. Àbúrò rẹ ní bóyá ó bá ẹ̀rọ wá láti ilé ìtajà ni. Mi ò gbàgbé ìdáhùn yẹn. Ó kó àwọn àwòrán náà sínú irin kékeré kan tó tó ìka mi, mo sì so irin náà mọ́ etí ìró mi. Ibẹ̀ ló wà títí di àná.

Nígbà tí àyè ṣí, ẹ̀rọ tún ń béèrè bóyá a gbà. A gbà kí ni? Àbúrò rẹ ti fẹ́ tẹ “mo gbà” kíá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ tí bàbá bàbá rẹ ti tẹ̀ka sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà fún un, tí ilẹ̀ etídò fi bọ́ lọ́wọ́ wa, a kì í gbà nínú ilé yìí láìgbọ́ tán. Mo ní kí òun àti aránṣọ kà á fún mi. Wọ́n kà á títí ẹnu aránṣọ fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àwọn tó ṣe ètò náà ti ní bí nǹkan bá bàjẹ́ kò kan àwọn, mo ní ó tó. Ẹni tó ń sọ pé kò kan òun kí nǹkan tó bàjẹ́ ti mọ̀ pé yóò bàjẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, má sọ fún àbúrò rẹ. Ìgbàkígbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀, tó bá dìde lọ pọnmi tàbí lọ wo ohun tó wà lórí iná, èmi a na ìka mi, n ó tẹ ibi tí aránṣọ ti fi hàn mí pé “n kò gbà” wà. Ẹ̀rọ a ní iṣẹ́ ti dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń sọ pé àṣìṣe kan wà nínú ẹ̀rọ tí òun kò mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni àṣìṣe náà.

Lánàá ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà kì í wo ojú èèyàn. Ó ní ká pa á, ká tan án. A pa á, a tan án. Ó ní ká tún pa á. Dókítà tó jẹ́ pé sùn kí o jí ni oògùn rẹ̀ fún gbogbo àrùn, ṣé dókítà ni? Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ “mo gbà” fún wa bí ẹni pé òun ló bí wa. Ni ẹ̀rọ bá ní àfi kí ẹni tó ni òun fún òun láṣẹ. Mo ní èmi ni àgbà ilé, kí ètò máa wọlé. Ọkùnrin náà ní Màmá, kò mọ̀ yín. Ó ní ilẹ̀kùn méjì ni ẹ̀rọ náà ní, èyí kékeré lo ṣí fún àbúrò rẹ, ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí ńlá wà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kó ka orúkọ ọ̀hún. Ó kà á: Adúmáadán. Eléjí náà ló tún yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, tòun tẹ̀rín. Ọkùnrin náà ní òun lè fọ gbogbo inú ẹ̀rọ dànù kí òun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n yóò gba ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Ajé kò ní dúró dè é.

Ìwọ lo sì sọ fún mi pé tuntun lo rà á, nínú páálí.

Nígbà tí a délé, mo tú irin náà ní etí ìró, mo ní kí aránṣọ bá mi wo àwòrán, ojú tirẹ̀ ṣì mú. Kò tiẹ̀ wo obìnrin náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, ẹ̀wù kan tí wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn. Ó ní bọ́tìnnì kẹta dúdú, àwọn yòókù funfun, òun lòun rán an nítorí funfun tán lọ́wọ́ òun, ẹ̀wù tí o wọ̀ lọ sí ìlú nìyẹn. Ọkọ mi, ẹ̀wù rẹ wà lórí ilẹ̀kùn yàrá ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ìyẹn kò bá páálí wá.

Nítorí náà, má kọ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn sínú ìwé, má sì sọ ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tìrẹ kọ́ ni. Kí ẹni tó ni í mú un wá fúnra rẹ̀, kí ẹ sì ti dé ó pẹ́ tán ní Ọjọ́ Àìkú, kí iṣẹ́ àbúrò rẹ má bọ́. Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí, ẹ fi wọkọ̀. Kí o sì ra ìpara orúnkún dání, èyí tó ń ta, kì í ṣe èyí tó kàn ń rùn.

Ẹ̀rọ ní láìsí àṣẹ obìnrin yẹn, ohunkóhun kò lè wọlé. Wí fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé mi rí. Kí ó wá, ká ṣílẹ̀kùn fún ara wa. Bó bá ti ṣí tirẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó tẹ “mo gbà”.

Ọ̀nà kò ní nà yín. Ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀ kò ní yọnu, ẹ ó bá wa láyọ̀, a ó sì rí yín sójú.

Aránṣọ ti ka ìwé yìí fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ̀ka sí i. Ó ti kọ “pẹ̀lú ìfẹ́” sí ìsàlẹ̀, èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́.

Èmi, ìyá bàbá rẹ. Àtẹ̀ka mi nìyí.