Ó Já Fóònù Gbà Lọ́wọ́ Mi Bíi Ti Inú Ìwé

Àǹtí Samina, mo kí yín, mo kí ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò, gbogbo ìlú Multan ló mọ ilé ìránṣọ mi.

Bí àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti ń ránṣọ, Tehmina, ọ̀kan lára wọn, a máa ka ìwé ìfẹ́ sí wa létí. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé náà, ṣùgbọ́n ara ń fu mí sí i. Obìnrin tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ìwé wọ̀nyẹn, ọkùnrin kan á jágbe mọ́ ọn, òun náà á sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ọkùnrin kan pè mí, ni àfẹ́sọ́nà mi yìí bá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ní:

"Láti òní lọ, èmi ni n óò máa bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ fún ọ."

Tehmina pariwo: "Háà, Àǹtí! Akọni inú ìwé ló wọlé yìí! Ẹ má jẹ́ kó lọ o!"

Inú mi dùn. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ká ní ẹni tó ń kó aṣọ wá fún mi ló dán an wò, kí tíì tí mo gbé fún un tó tutù ni mo ti máa lé e jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń gbé àdídùn ìtọrọ bọ̀ nílé wa. Bí ìyá mi bá ti fi kan ẹnu, ọ̀rọ̀ ti di àdéhùn ìgbéyàwó. Ẹ̀yin obìnrin tó ń gbọ́ ètò yìí, ṣé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́, àbí ìwé Tehmina? Ẹ má ní kí n ṣe sùúrù o. Gbogbo obìnrin inú ìwé náà ló ṣe sùúrù.

Èmi ni,
Ẹni tó ti gba fóònù rẹ̀ padà.