Ilé Tí Wọ́n Ní Mo Tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ òfì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá tí mo háyà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi tó máa jókòó tì yín tí ẹ bá ń ka èyí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràmọ́tà àti ọkọ rẹ̀. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Múfútàù náà dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ló fà á tí mo fi ń kọ̀wé. Mo fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ tiwọn ní Ìsẹ́yìn lè gbọ́ tèmi.

Wọ́n ní mo ta ilé onílé. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ká mi mọ́ ìdí ògiri pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù mí. Ẹ̀yin náà wá ránṣẹ́ pé kí n di ẹrù mi, kí n padà sídìí òfì, pé fíìmù ti fẹ́ sọ mí di olè. Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó. Mi ò ta ilé ẹnikẹ́ni. Mi ò sì ní wálé.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ń rọ̀ gan-an níbí. Omi máa ń kún ọ̀nà wa débi pé a ó bọ́ bàtà, a ó gbé e dání. Tó bá sì dá, ooru á gba ipò rẹ̀. Mò ń fi kámẹ́rà ya ìsọmọlórúkọ fún àwọn èèyàn, ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó oúnjẹ àti owó ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń le fún mi jù, tí àwọn tí a jọ ń gbé bá lọ kí ẹbí wọn, tó bá ku èmi nìkan. Mo máa ń rántí ìró òfì yín, mo máa ń sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà mo á lọ fọ aṣọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe jẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde, ó gbọ́dọ̀ ṣe fíìmù kúkúrú kan. Wọ́n ní kí èmi ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní tírílà, fíìmù tó ń já èèyàn láyà. Olùkọ́ wa ní tírílà ní òfin: kó jẹ́ òru, kí òjò máa rọ̀, kí mọ́tò dúdú máa tẹ̀ lé ẹnì kan, kí òkú ti sùn sílẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, kí ìbọn sì yọ níparí. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú sì ń bí mi. Mo dìde, mo bi í pé báwo ni mọ́tò dúdú ṣe máa lé èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà ti há tó jẹ́ pé mọ́tò ló ń bẹ ẹlẹ́sẹ̀ kó tó kọjá. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ ṣe tèmi, ká wò ó.

Mo gbà pé tírílà ní òfin o. Ṣùgbọ́n òfin tí èmi rí níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń wòran ti mọ ewu tó ń bọ̀, kí ẹni tó wà nínú fíìmù má tíì mọ̀, kí àkókò sì máa tán lọ lójú wọn. Nígbà tí fíìmù sì kúrú, kò sí àyè fún èrò. Ibì kan tó, ẹnì kan tàbí ẹni méjì tó, ìbéèrè kan ṣoṣo tó. Ìbọn àti òkú, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mo sì mọ ohun tó ń já àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó láyà ju ìbọn lọ.

Ẹ ó rántí ìgbà tí ẹ wá wò mí, tí ẹ bi mí pé kí ló dé tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri káàkiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo sọ fún yín pé ilé ẹbí ni wọ́n, pé ẹnì kan nínú ẹbí lè yọ́ lọ tà á, kí àwọn tó kù sì jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá onílé tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Àkọlé yẹn ni wọ́n fi ń lé oníbàárà.

Fíìmù mi kò ju èyí lọ. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni, àwọn ará ilé ti lọ kírun. Ìyá àgbà kan ṣoṣo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Níta, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun nigínnigín gbé agolo ọ̀dà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkọlé ara ògiri rẹ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àwa tí à ń wòran ń rí i. Ìyá àgbà kò rí i. Ìró búrọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbọ́, ó rò pé ará ilé kejì ló ń gbálẹ̀. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ṣé àwọn tó lọ kírun á dé kí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn tó parẹ́? Ìbéèrè mi nìyẹn.

Mo lọ bá Baba Olórí Ẹbí kan tí mo ti ya ìsọmọlórúkọ nílé wọn rí, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun gbogbo. Wọ́n ní kò burú, bí a bá ti lè tún àkọlé náà kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Àgbà fúnra wọn, ní àwọn á ṣa ẹ̀wà náà. Dèjì, ọmọ kíláàsì mi, ló wọ aṣọ funfun. Èmi wà nídìí kámẹ́rà. Ohun tí Baba kò ṣe ni pé wọn ò sọ fún àwọn ará ilé. Wọ́n rò pé a ó ti parí kí ìrun tó parí.

Lèmọ́mù ò fa wàásù gùn lọ́jọ́ náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ́ ni àwọn ọmọ ilé yọ, wọ́n bá ògiri funfun báláú, wọ́n bá àjèjì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì níwájú rẹ̀. Bùrọ̀dá Gàní, tó ń gbé òkè ilé náà, fa Dèjì lọ́rùn aṣọ. Àwọn yòókù ti fi fóònù sétí. Kò pẹ́ tí ẹbí fi ń wọlé láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbí, obìnrin kan tiẹ̀ ti Ìkòyí dé pẹ̀lú rólà irun lórí. Mo ń pariwo pé fíìmù ni. Gàní dá mi lóhùn pé kò sí olè tí kò ní ìtàn.

Nígbà tí Baba dé tí wọ́n sọ pé àwọn làwọn fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Àwọn ọmọ ilé yíjú sí Baba. Wọ́n ní àṣé Baba ló ta ilé, pé fíìmù ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá Àgbà ló gbé àtẹ ẹ̀wà wọn jáde, wọ́n dúró ti àbúrò wọn, wọ́n ní ẹ̀wà kan náà yìí làwọn ti ń ṣà tí àwọn tún ń dà padà nítorí kámẹ́rà láti ìgbà tí àwọn ará ilé ti lọ kírun, pé ta ló ń ta ilé tí á fi ìyà báyìí jẹ onílé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ariwo bá rọlẹ̀. Dèjì tún àkọlé náà kọ, gbogbo ẹbí dúró tì í.

Àsìkò ariwo yẹn ni Bùrọ̀dá Múfútàù, tí wọ́n wá tajà ní Èkó, gbé ọjà wọn kọjá. Wọ́n rí mi, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn pe ilé. Ẹ kú iṣẹ́, Bùrọ̀dá.

Bàbá mi, kámẹ́rà ò dúró ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí olùkọ́ wa rí ìjà náà, ó fò sókè. Ó ní kí n gé ohun tí mo ṣe dànù, kí n fi ìjà náà ṣe fíìmù, pé ọwọ́ Baba tó ń gbọ̀n yẹn gan-an ni tírílà. Baba ránṣẹ́ pé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ayé má baà rí ìtìjú ẹbí àwọn. Ẹ̀yin ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo fàáké kọ́rí fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo gbé kámẹ́rà lọ bá Baba, mo pa ìjà náà rẹ́ lójú wọn. Àwọn èèyàn yẹn kò ṣeré, ẹ̀rù ló bà wọ́n, mi ò ní fi ẹ̀rù wọn gba máàkì. Ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní pa tèmi rẹ́, nítorí iṣẹ́ mi ni. Baba ní kí n wá fi han ẹbí kí àwọn tó dájọ́.

A wò ó nínú pálọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n fa kọ́tìnì. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi Ìyá Àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti di òṣèré. Nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ dáwọ́ dúró. Nígbà tó ku ọ̀rọ̀ kan lára ògiri, Bùrọ̀dá Gàní, tó dúró ti Dèjì nígbà tó ń tún un kọ, bá dìde, ó ré ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, ó jáde. A gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn ìta. Ó padà wá jókòó. Ìyá Àgbà bi í bóyá àkọlé ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ó wà.

Baba ní kí n máa gbé fíìmù mi lọ. Mo ti fi sílẹ̀ fún olùkọ́ wa bó ṣe rí, láìsí òru, láìsí ìbọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí n má yege. Tí mi ò bá yege, mo á tún un ṣe, kò sì ní sí ìbọn níbẹ̀.

Mo ń bọ̀ wá ṣe Iléyá pẹ̀lú yín. Mo á gbé fíìmù náà wá, a ó jọ wò ó nínú yàrá, òfì yín á wà níta níbi tó máa ń wà. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ò dìde lọ wo òfì yín, ẹ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, mo á jókòó tì yín hun aṣọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dìde, Bàbá mi, tí ẹ bá dìde pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní sọ pé kí n wálé mọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ rí i. Kó fún ìyá mi ní àlàáfíà, kó má ṣe jẹ́ kí owú wọ́n yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà, àti àwọn tó gbà pé mo jalè.

Èmi ni ọmọ yín tí kò ta ilé,
Mọdínátù