Ètò Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíràn

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025. Ìkẹ̀rẹ́.

Akàwé: ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, kí ẹni tí kò ríran lè fetí kà á. Bọ́tìnnì ni a fi ń pàṣẹ fún un. Tẹ èyí, yóò ka ìlà kan. Tẹ ìyẹn, yóò sọ ohun tí aago wí. Bí ohùn rẹ̀ ṣe yára tó, bó ṣe ga tó, bọ́tìnnì tí yóò máa gbọ́ràn sí – gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yí padà. Yíyí i padà fún ẹni tó fẹ́ lò ó ni iṣẹ́ mi. Mo kàwé lé e lórí nílé àti lókè òkun. Èmi náà kò ríran láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Etí ni mo fi ń ka ohun tí mò ń kọ yìí.

Mo padà sí ìpìlẹ̀ nítorí pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi.

Ìyá Ìbíwùmí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, pè láti ìlú Ìṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kí àìsàn ojú tó gba ìríran rẹ̀ ní èṣí. Oṣù Kẹjọ la parí ẹ̀kọ́. Èmi ni mo to akàwé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta ló ti tẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, dá padà. "Kò bójú mu. Ẹ tún un ṣe." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kúẹ̀rì, ìwé ìbáwí, ń tẹ̀lé wọ inú fáìlì rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, ó di ilé.

Mo ti sọ ọ̀gá náà lórúkọ: Baba Tún-un-ṣe.

Ọjọ́rú, 8.

Ìyá Ìbíwùmí fi lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí mi. Mo kà wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi wákàtí méjì. Kò sí àṣìṣe. Kọ́mà kan kò ṣí nípò.

Ọjọ́bọ̀, 9.

Bóyá àlàfo ìlà ni. Mo wò ó – ó pé. Bóyá ìwọ̀n lẹ́tà. Ó pé.

Ọjọ́ Ẹtì, 10.

Mo lọ sí ilé Ìyá ní Ìṣẹ́. Opó ni, òun nìkan ló ń gbé. Ó bu omi fún mi, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ bí òjò lórí páànù. Akàwé ń kà tẹ̀lé e. Ẹlẹ́nu ló ń pè é. Ó ní Ẹlẹ́nu mọ gbogbo nǹkan wí, àfi ohun tó ń bí ọ̀gá nínú.

Mo ní ká pe aládùúgbò kan kó wo ojú ìwé náà. Ó kọ̀. "Tíṣà, ojú tí wọ́n fi ń wò mí ti tó. Uṣẹ́ yìí ni mo fi kọ́ ulé tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní máa yọjú wo uṣẹ́ mi."

Mi ò rọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo ń kọ́ wọn pé kí wọ́n dá dúró. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ìdáhùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13.

Lẹ́tà kẹrin, ó padà wá. Lójú gbogbo ọ́fíìsì ni Baba Tún-un-ṣe ti sọ̀rọ̀ lónìí: "Ìyá, bí ẹ bá fẹ́ kí n bẹ̀ yín, ẹ wí. Ẹ má fi ìwé ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́ mi."

Ìyá kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ohùn rẹ̀ kàn kéré ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14.

Yẹ̀yẹ́. Àṣìṣe kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló wà nínú lẹ́tà mímọ́ tó lè jọ yẹ̀yẹ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 17.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Mi ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 19.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 20.

Mo bi Ìyá pé ta ló jókòó tì í ní ọ́fíìsì. Hannah, ó ní. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní ìwé títẹ̀. Mo gba nọ́ńbà, mo pè.

Hannah kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Ẹ kú iṣẹ́ sà, wọ́n ń gbìyànjú sà. Mo ní, ọmọ mi, wọ́n fẹ́ lé e lọ lọ́túnla. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àkọlé ni, sà. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá ló yẹ kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Mo ní, kí ló dé tí o kò sọ fún un?

"Há, sà! Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́? Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, pé wọ́n ń bá ọ̀gá jà. Ọ̀gá náà rò bẹ́ẹ̀."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn atẹ̀wé máa ń tẹ Caps Lock, bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ àkọlé, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ láti pa á. Nínú ètò tèmi, bí mo ṣe to akàwé fún ara mi, Caps Lock ni bọ́tìnnì àṣẹ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe nǹkan kan. Àfi kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kó tó gbé lẹ́tà ńlá wá. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Èmi kì í lò ó fún àkọlé, kò wá sí mi lọ́kàn.

Èkejì ló burú jù. Bí a bá ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ohùn akàwé máa ń ga sókè tó bá kan lẹ́tà ńlá. Ó máa ń dí mi létí. Mo ti pa á láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Mi ò bi Ìyá Ìbíwùmí ní ìbéèrè kan. Mo da ètò tèmi látòkèdélẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Etí tí mo fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, etí kan náà tí mo ti dí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21.

Mo lọ tún un ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Ó ní, "Mo ti ń rò pé orí mi ló ń dàrú, Tíṣà." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ Caps Lock, ohùn sì kéde pé ó ti ṣí. Ó kígbe: "Ẹlẹ́nu! O mọ̀ ọ́n wí, o dákẹ́!" A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ó ní kí n má sọ fún ọ́fíìsì. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ló fà á, wọ́n á ní ẹ̀rọ náà kò wúlò. Ẹ jẹ́ kí n kàn tẹ̀ ẹ́ dáadáa lọ́la." Mo gbà. Ó rọrùn fún mi láti gbà: èmi ni ọ́fíìsì náà fẹ́ kó kọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́jọ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 22.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà sí Ìyá létí, ó tẹ̀ ẹ́. Mojírádé, alága ìgbìmọ̀, ní ó mọ́, àkọlé pé. Mo mí kanlẹ̀.

Baba Tún-un-ṣe bá gbé fáìlì kalẹ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ wo mẹ́rin yìí, mà. Ṣé ẹ rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe? Ó kàn ń kọ̀ fún mi ni."

Ìyá Ìbíwùmí kò fèsì. Ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ náà. Ó ń dáàbò bo èmi náà.

Mo dìde, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Mo ṣí kọ̀ǹpútà tèmi, tí ètò náà ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kí alága tẹ Caps Lock lẹ́ẹ̀kan, kó kọ àkọlé kan. Ó tẹ̀ ẹ́. "Kékeré ló ń gbé jáde!" Ó tún un ṣe. "Ó kọ̀ fún èmi náà o!" Mo ní èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe tò ó sínú ti Ìyá láìsọ fún un.

Wọ́n yọ kúẹ̀rì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Baba Tún-un-ṣe ní, "Ìyá, mo ṣì yín gbọ́." Ìyá ní ó kéré tán, ọ̀gá ti rí ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní tàwọn mẹ́jọ yẹn, wọ́n ní kí n dúró ná.

Ọjọ́bọ̀, 23.

Ènìyàn márùn-ún mìíràn ló ń lo ètò tí mo dà fún wọn. Ìlasà, Ẹmùrẹ́, Ìmẹsí-Lásigidì. Mo kọ́kọ́ pe Jẹ́jẹ́, tíṣà ní Ìmẹsí. Mo ṣàlàyé. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́: ṣé ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-ìwé fi gba títẹ ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ òun láti oṣù Kẹrin?

Mo ní n óò bá a lọ rí ọ̀gá náà lọ́jọ́ Ajé.

Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin tó kù:

Ẹ di bọ́tìnnì Insert àti Control mú, kí ẹ tẹ K. Ẹ yọ àmì kúrò níbi tó ti fi Caps Lock ṣe bọ́tìnnì àṣẹ, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ tún di Insert àti Control mú, kí ẹ tẹ V. Ẹ fi àmì sí ibi tó ti ní kí ohùn máa pe lẹ́tà ńlá, kí ẹ tẹ Enter. Lẹ́yìn náà, Insert, Control àti C, kó lè tọ́jú àyípadà náà. Ẹ wá tẹ Caps Lock lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ sì fi bọ́tìnnì ọfà kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn kò bá sọ pé "cap", ìyẹn lẹ́tà ńlá, ṣáájú gbogbo wọn, ẹ má fi ìwé kankan jáde. Ẹ pè mí.