Pèrègún Kò Mọ̀wé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ní Massè, mo kí àwọn ìyàwó ilé tó ń fún epo lásìkò yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo ẹbí, nítorí ojú wọn ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Òjò Libreville kò jẹ́ kí n ráyè jáde lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Àárò yín ń sọ mí, mo sì máa ń jókòó ti Ràmátù ọmọ mi níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni blọ́kṣéènì: ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ara wọn jọ ń pa mọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá ti àwọn yòókù mu.

Ó ní oríṣiríṣi blọ́kṣéènì ló wà, wọn kò rí bákan náà. Ti Bítíkọ́ìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ní ẹ̀dà rẹ̀, kò sí ọba tó lè dá a yí padà. Àmọ́ ó ń falẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, wọn a tò. Òmíràn yára bí ọ̀kadà zémijàn, nítorí kọ̀ǹpútà ńláńlá díẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ra irú wọn. Àwọn kan ń parí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a wá kó àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀! Mo bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù. Ó ní fún ọjà, òun á mú èyí tó yá. Fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí, òun á mú èyí tó falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán mi létí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ rántí ilẹ̀ bàbá wa. Pèrègún la fi ń pààlà, níwájú ilé mẹ́rin tó yí wa ká, bí a tilẹ̀ ní láti fi ọjọ́ mẹ́ta dúró de àgbà tó ń bọ̀ wá jẹ́rìí láti Ikpinlè. Èmi tíṣà ni mo ní ó pẹ́ jù, pé pèrègún kò mọ̀wé, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé káyé mi. Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé lóòótọ́ pèrègún kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa pẹ̀lú. Mo fà wọ́n tu. Lẹ́yìn náà mo fa ojú ìwé kan ya, mo tún un kọ, ìpín yín ti ẹ̀bá odò sì di tèmi. Nígbà tí ẹ bèèrè, mo ní kí ni ẹ mọ̀ nípa ìwé.

Mo jẹ́wọ́ fún Ràmátù. Ó wá ní ilé mẹ́rin àti pèrègún yẹn, blọ́kṣéènì ti bàbá bàbá òun ni, èmi tíṣà ni mo bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, tiyín ni ilẹ̀ náà. Ẹ má fi lẹ́tà yìí nìkan ṣe ẹ̀rí o. Ọwọ́ tó kọ káyé ló kọ ọ́. Ẹ pe ilé mẹ́rin, ẹ dúró de ará Ikpinlè, bó ti wù kó pẹ́ tó, kí ẹ sì gbin pèrègún.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kó ta gbòǹgbò lójú yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọmọ yín.