Dúrọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Fọ Àmì Ara Rẹ̀ Dànù

                                        Àdúgbò Ìdí-Òro,
                                        Mushin, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Èrèlé, Ọdún 2025.

Ọlábọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbé e? Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ooru tó tẹ̀lé e. Èmi wà láàyè. Ìyẹn náà tó.

Fàrídà, aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú nílé mi, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi. O ránṣẹ́ pé n kò gbọdọ̀ pe fóònù rẹ mọ́ títí n ó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Teslim. Ó dáa, n kò pè ọ́. O kò sọ pé n má kọ lẹ́tà. N kò ní tọrọ àforíjì. Kà á dópin kí o tó fà á ya.

Teslim sọ fún ọ pé mo ba ọjà jẹ́. Ohun tí kò sọ rèé. Ilé ìwádìí kan wà ní Yábàá tí wọ́n ti ń lo kẹ́míkà kan tí ìtànṣán olóró ń jáde lára rẹ̀. Ojú kì í rí i, imú kì í gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba ara jẹ́ láti inú. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́, ìgò wẹ́wẹ́, omi tí wọ́n fi ṣan nǹkan, wọn kì í dà á sórí ààtàn. Inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á máa dúró dè é kí agbára rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ń kú láàárín oṣù mélòó kan. Òmíràn á sin èmi àti ìwọ. Jael, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ yàrá náà, lọ bímọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá wọn wo àwọn dúrọ́ọ̀mù búlúù méjì tó dúró sójú kan, ó ní wọ́n ń gba àyè lásán. Ó ní kí wọ́n tà wọ́n. Teslim ló rà wọ́n.

O mọ iṣẹ́ àlòkù dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì wa. O mọ ohun tí a máa ń kọ́kọ́ ṣe sí dúrọ́ọ̀mù tó bá ti iléeṣẹ́ wá. Kẹrosíìnì àti yanrìn ni a fi ń ha bébà ara rẹ̀ kúrò, kí oníbàárà má bàa rí orúkọ kẹ́míkà kí ẹ̀rù bà á. Ìwọ lo kọ́ Teslim bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú wa kọ́ ìwọ náà. Láti ọjọ́ tí Saidat ìyàwó mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò fọ bébà kúrò lára nǹkan ní ìsọ̀ mi mọ́. O wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bi wá pé kí ni wọ́n ti rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ń pọn omi sí kó tó di tirẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò mọ̀, nítorí ẹni tó tà á fún òun náà ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Dókítà ní bí òun bá mọ orúkọ rẹ̀, òun á mọ ohun tí òun yóò fún un. Orúkọ lásán ni wọ́n ń bèèrè, Ọlábọ̀dé.

Teslim gbé ọ̀kan nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà wá sí ìsọ̀ mi pé kí n bá òun fọ̀ ọ́. Ó wúwo, ọmọrí rẹ̀ ṣì dì. Àmì yẹ́lò kan wà lára rẹ̀ tó ní apá dúdú mẹ́ta bíi ti fáànù. N kò mọ ohun tó jẹ́. Fàrídà kà á, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewu ìtànṣán ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Teslim rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, fáànù lẹ rí tẹ́ ẹ ń sá yìí? Ooru Èkó ló ń mú yín." Mo ní kó jókòó lórí rẹ̀ nígbà náà kó gba atẹ́gùn. Kò jókòó.

Èmi àti Fàrídà lọ sí Yábàá. Ẹni tó wà ní géètì ní bí a bá wá ra àlòkù, ẹ̀yìn ni ká gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ Jael tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ wa ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó tẹ̀lé wa dé Mushin, ó fi okùn yí dúrọ́ọ̀mù náà ká, ó lé gbogbo wa sẹ́yìn. Ó na ẹ̀rọ kékeré kan sí i, ẹ̀rọ náà sì ń dún ta-ta-ta bíi gúgúrú nínú ìkòkò gbígbóná. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò ṣí i. Ẹ jìnnà sí i, ẹ má sì pẹ́ nítòsí ẹ̀." Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé e padà sí yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè èkejì.

Èkejì ni ìjà. Teslim ti da ohun inú rẹ̀ sí etí gọ́tà lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, dúrọ́ọ̀mù sì ti lọ. Jael kó ohun tó dà sílẹ̀, ó kó erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tí a bá bi Teslim pé ta ló gbé dúrọ́ọ̀mù lọ, á ní òun kò rántí. Ọ̀gá ilé ìwádìí wá bá mi, ó fẹ́ ká yanjú rẹ̀ ní kọ́lọ́fín, ká máa sọ pé oògùn apakòkòrò ló wà níbẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ fi irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ pọnmi mu.

Fàrídà ya àmì náà sórí páálí ńlá. Mo ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé, láti Mushin títí dé Ojúẹlẹ́gba, pé ẹni tó bá ra dúrọ́ọ̀mù búlúù lọ́dọ̀ wa kò gbọdọ̀ mu omi inú rẹ̀ kí Jael tó yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin kan bi mí bóyá ìjọ tuntun ni mo dá sílẹ̀. Teslim, nítorí pé òun ni alága ẹgbẹ́ báyìí, fi àgádágodo sí ìsọ̀ mi. Mo ní kó fi méjì sí i. O ní ọ̀fọ̀ Saidat ló ń dà mí lórí rú. Ọ̀fọ̀ náà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ibí ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí, kí n máa kí àwọn ará ilé. Àfi bí Teslim ṣe wọlé, tí Fàrídà ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́. Kò kí mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó ní òun kò ta dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ó gbọ́ pé kànga rẹ gbẹ, ló bá fi í ránṣẹ́ sí ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀bùn fún ọ̀gá rẹ̀. Nítorí pé ìwọ ni, ó fọ̀ ọ́ ju bó ṣe ń fọ ti ọjà lọ. Ó gbà pé bí òun ti fọ̀ ọ́, ó ti tán. Òwúrọ̀ òní ni Jael na ẹ̀rọ rẹ̀ sí kànìnkànìn tó fi fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ bá ń dún ta-ta-ta. Ìyẹn ló lé e wá sọ́dọ̀ mi.

Teslim ti ń pe fóònù rẹ, kò wọlé. A kò ní yé pè, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀mí rẹ gbẹ́kẹ̀ lé nẹ́tíwọ̀kì. Jael ti múra láti gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ, mọ́tò wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Fàrídà ní ká tún lẹ́tà yìí kọ láti òkè. Mo kọ̀. Jael á ti fẹnu sọ ọ̀rọ̀ fún ọ kí o tó ṣí i. Mo mọ̀ ọ́, o kò ní gbà á gbọ́. Nítorí náà mo fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọlábọ̀dé, má da omi inú dúrọ́ọ̀mù náà nù. Má fọ̀ ọ́. Má sún un. Kó gbogbo ará ilé jáde sí ojúde. Bí Jael bá bi ọ́ pé ta ló ti mu níbẹ̀, sọ gbogbo wọn, má yọ ẹnì kan sílẹ̀ nítorí ìtìjú. Lọ́tẹ̀ yìí, a mọ orúkọ ohun tó wà níbẹ̀, Jael á sì sọ ọ́ fún dókítà. Teslim ló ń mú un bọ̀. O lè gbá a létí tó bá yá, má jẹ́ kó jẹ́ lónìí.

Kí ìyàwó rẹ fún mi, kí àwọn ọmọ. Kí àwọn kéékèèké ní orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì tọrọ àforíjì,

Sùnmọ́nù.